Ìjókòó Méje, Ẹsẹ̀ Mẹ́rìnlá: Ìkìlọ̀ Fún Ẹbí Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Oníná Ní Ìlú Ọba

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kínní, èèyàn méje la kó sínú ọkọ̀ oníná tí àbúrò ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, a sì forí lé Leeds láti London. Ìkómọjáde la ń lọ. Àbúrò mi ló ń wa ọkọ̀, màmá wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyàwó tèmi àti ìyàwó tiẹ̀ wà láàárín pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì tí wọ́n dè sínú ìjókòó ọmọdé. Ẹ̀yìn pátápátá ló kan èmi àti ọmọkùnrin wọn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí a ó ṣe débẹ̀ gan-an nìṣòro àkọ́kọ́, nítorí àga tí wọ́n de ìjókòó ọmọ mọ́ kò ṣe é tẹ̀ síwájú mọ́. Bùùtù la gbà wọlé, èmi àgbàlagbà, nínú agbádá. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún wa," ni àbúrò mi ń wí ṣáá. Orúnkún mi kan àyà mi, orí ọmọ náà ń kan òrùlé, kúlà ìrẹsì kan sì há sáàárín àwa méjèèjì nítorí pé bùùtù kò gbà á.

Nígbà tí a kúrò nílé, ohun tí ọkọ̀ kọ sójú ni pé òun yóò rin máìlì 240. A rin nǹkan bí 100, a sún mọ́ Leicester, ó ní 85 ló kù. Gbogbo wa mọ̀ pé kò ní gbé wa dé Leeds. A yà síbi ìsinmi ojú ọ̀nà. Ibi ìgbaná mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì ti kú, ọkọ̀ mẹ́ta sì ti tò ṣíwájú wa. Nígbà tí a dé Leeds, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, màmá tó yẹ kó fi oyin kàn án lẹ́nu sì bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú omi lójú.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ọkọ̀ oníná. Oníná lèmi náà ń wà, oníjókòó márùn-ún, mi ò sì ní padà sí epo. Àmọ́ láti ìgbà ìrìn àjò yẹn, gbogbo ẹni tó bá sọ fún mi pé òun fẹ́ ra oníjókòó méje nítorí pé ẹbí pọ̀, mo máa ń dá a dúró ná. Ohun méjì ni mo máa ń bi í: ta ni yóò jókòó sẹ́yìn pátápátá, níbo sì ni ọkọ̀ náà yóò máa sùn? Ọ̀pọ̀ ló ti ka iye tí wọn ó máa san lóṣù dé orí pẹ́nì kan, tí wọn kò sì ní èsì sí ìbéèrè méjèèjì yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Mercedes EQB wà lára èyí tí àwọn èèyàn wa ń wò jù, torí pé àlòkù rẹ̀ kò wọ́n tó tuntun, ìyẹn ni pé ó rọjú díẹ̀ báyìí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra wọn ló sọ pé ẹni tó ga tó mítà 1.65 ni àga ẹ̀yìn náà wà fún. Ìyẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì márùn-ún. Ẹ wo àwọn ọmọ tí a ń tọ́ nílùú yìí: ọmọ ọdún mẹ́rìnlá míì ti ga ju ìyẹn lọ. Ọkọ̀ tí ẹ bá rà fún ọdún mẹ́fà nígbà tí ọmọ yín wà ní mẹ́wàá, ẹ ti rà á fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà nìyẹn.

Ohun tó fa ìfúnpọ̀ yìí kò ṣòro láti mọ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni bátìrì tẹ́ sí, bí ẹní. Ó gbé ilẹ̀ ọkọ̀ sókè, òrùlé kò sì lè máa ga lọ láìlópin torí atẹ́gùn tó ń dènà ọkọ̀ lójú pópó márosẹ̀. Àárín ilẹ̀ àti àga ló wá dín kù. Ìdí nìyẹn tí orúnkún fi máa ń gòkè ju ìbàdí lọ lẹ́yìn. Ọmọdé kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n àgbà tó bá jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sọ fún un.

Ìjókòó ọmọdé ló tún wá lé e lórí. Òfin ilẹ̀ yìí ni pé kí ọmọ máa lo ìjókòó tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún méjìlá tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹbí tó bá ní ọmọ mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, ìjókòó ọmọ mẹ́ta ni wọn yóò gbé sínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ kan wà lẹ́yìn pátápátá, bí irin Isofix tí wọ́n ń kọ́ ìjókòó mọ́ bá wà níbẹ̀. Inú ọkọ̀ míì, ó wà. Inú òmíràn, bẹ́líìtì nìkan ló wà. Mercedes ní àyè ìjókòó ọmọ mẹ́rin wà láàárín àti lẹ́yìn EQB. Ẹ má fi èyí gba ti ọkọ̀ mìíràn gbọ́. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àga náà fúnra yín, kí ẹ fọwọ́ kan irin ọ̀hún.

Ẹ sì dán ohun tó dà wá láàmú nínú oṣù Kínní wò: ẹ de ìjókòó ọmọ mọ́ ìlà àárín, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìkejì, kí ẹ wá wò ó bóyá ọ̀nà ṣì wà fún ẹlòmíràn láti kọjá sẹ́yìn. Bí kò bá sí, oníjókòó márùn-ún ni ọkọ̀ yẹn fún yín, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, torí ọ̀nà tí ọmọ kò lè gbà wọlé, kò ní lè gbà á jáde pẹ̀lú.

Ẹ béèrè ibi tí bàlúù ààbò ẹ̀gbẹ́ fèrèsé gùn dé. Bàlúù yẹn gbọ́dọ̀ bo ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá náà. Ìràwọ̀ márùn-ún tí Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò, ń fún ọkọ̀ dára láti rí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń dán ìkọlù wò, iwájú àti ìlà kejì ni wọ́n máa ń jókòó sí. Orí ọmọ tó wà ní ìlà kẹta kò sì jìnnà sí gíláàsì ẹ̀yìn. Nítorí náà, bí èèyàn márùn-ún bá wà nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe fi ọmọ kankan sẹ́yìn pátápátá torí pé òun ló fẹ́ràn ibẹ̀.

Ti ẹrù ńkọ́? Nínú Peugeot E-5008, bí gbogbo àga méjèèje bá nà ró, àyè tó kù ní bùùtù jẹ́ nǹkan bí lítà 259. Kia EV9 tóbi jù ú lọ, ó gùn tó mítà 5, síbẹ̀ 333 ni tirẹ̀, owó rẹ̀ ní tuntun sì ti lé ní £60,000, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ọ̀pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń lọ òde, ẹ mọ̀ pé kúlà méjì, báàgì aṣọ àti kẹ̀kẹ́ ọmọ ti parí àyè yẹn.

Ìwúwo sì wà, èyí tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni béèrè rí ní ilé ìtajà. Ọkọ̀ oníná wúwo láti ilé torí bátìrì rẹ̀. Bí ẹ bá mú ìwé ọkọ̀, V5C, ẹ wo àlàfo F.1: ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwúwo tí ọkọ̀ àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ wo àlàfo G: ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkínní, ohun tó kù ni ẹ lè kó. Àgbàlagbà méje tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kílò 80 ti di 560 kí ẹ tó gbé kúlà kan ṣoṣo wọlé. Ọkọ̀ míì kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọjá iye yẹn, bíréèkì yóò pẹ́ kó tó mú un, táyà yóò gbóná, ẹni tó ń ṣe ìnṣọ́ránsì fún yín yóò sì rí ohun tí yóò di mú lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Ó tó báyìí nípa ẹ̀yìn. Ibi tí ọkọ̀ yóò sùn ló kù, ibẹ̀ sì ni owó ti ń wọlé tàbí tó ti ń jò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ṣe ń ṣírò yúníìtì iná nílé. Bátìrì E-5008 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde gba yúníìtì 73. Ẹni tó ní àyè ọkọ̀ níwájú ilé, tó ní ibi ìgbaná lára ògiri, tó sì wà lórí iye owó òru tí àwọn ilé iṣẹ́ iná máa ń gé fún oníná, lè rí yúníìtì kan ní nǹkan bíi pẹ́nsì 8. Bátìrì yóò kún fún un ní £5.84. Ẹni tó ń gbé ilé alájà ní Thamesmead tàbí Peckham, tí kò ní ògiri tirẹ̀, ibi ìgbaná kíákíá ìta ni yóò máa lọ. Yúníìtì ibẹ̀ lè jẹ́ pẹ́nsì 75. Bátìrì kan náà yóò kún fún un ní £54.75. Ìjọba pàápàá dá kún ìyàtọ̀ náà: owó orí VAT lórí iná ilé jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ti ibi ìgbaná ìta jẹ́ 20.

Ọkọ̀ ńlá tó kún fún èrò máa ń fi yúníìtì kan rin bíi máìlì mẹ́ta. Ẹni tilé ń ná pẹ́nsì tí kò tó mẹ́ta lórí máìlì kan. Ẹni ìta ń ná 25. Ọkọ̀ elépo tó ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 40, bí lítà bá wà ní £1.35, pẹ́nsì 15 ló ń ná lórí máìlì. Ẹ rí i pé ẹni tí kò ní ibi ìgbaná nílé lè máa náwó ju oníepo lọ. Mi ò mọ iye èèyàn tí mo ti fi ìṣirò yìí hàn tí wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi mú káàdì báńkì wọn jáde tí wọ́n sì wo ohun tí wọ́n ti ná.

Mo bẹ yín, ẹ má ṣe na wáyà ìfàgùn láti ojú fèrèsé àjà kejì wá sí ìta. Mo ti rí i lójú mi, lábẹ́ òjò. Wáyà tí a fi ń lo áyọ́ọ̀nù kò le gbé ẹrù tí ọkọ̀ ń fà fún odindi òru. Ó máa ń gbóná títí tí yóò fi yọ́, ilé alájà sì ni, èèyàn ló ń sùn lókè àti nísàlẹ̀. Ihò iná lásán nínú ilé kò sì yá bẹ́ẹ̀: kílówáàtì 2.3 ló lè fúnni, bátìrì 73 yóò sì gbà ju wákàtí 30 lọ kí ó tó kún. Ti ara ògiri tó jẹ́ kílówáàtì 7 yóò ṣe é ní bíi wákàtí mọ́kànlá. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ìjọba ní owó ìrànwọ́ fún ayálégbé àti onílé alájà tó ní àyè ọkọ̀ tirẹ̀ láti fi ṣe é, ṣùgbọ́n láńlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ gba ìwé ìfọwọ́sí yẹn kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ má ṣe gbà á lẹ́yìn rẹ̀.

Iye máìlì tí wọ́n ń kọ sára ìpolówó náà nílò sùúrù. E-5008 yẹn, bíi 310 ni wọ́n kọ fún un. Inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí i, ojú ọjọ́ dára, eré kò pọ̀. Nínú òtútù, lórí márosẹ̀, pẹ̀lú èèyàn méje àti ẹ̀rọ amúlé-gbóná, ẹ yọ ìdámẹ́rin kúrò, nígbà míì ìdámẹ́ta. Ẹ má sì gbàgbé pé a kì í jẹ́ kó gbẹ tán, a kì í sì í dúró ti ibi ìgbaná kíákíá títí tí yóò fi kún, torí lẹ́yìn 80 nínú 100 ńṣe ni iná ń wọ̀ ọ́ bí omi tó ń kán. Ohun tó kù láàárín ìdádúró kan sí èkejì lè má ju máìlì 150 lọ. Ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé àti ìyàwó lọ síbi iṣẹ́ ní Dartford kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹni tí òde rẹ̀ máa ń wà ní Manchester lọ́sẹ̀ méjì méjì yóò mọ̀ ọ́n.

Nípa owó orí ọkọ̀, ọjọ́ kan wà tí ó yẹ kí ẹ há sórí: ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2025. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ oníná ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí bíi ti ẹlòmíràn, £195 ní ọdún àkọ́kọ́ ètò náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn lọ, tí owó rẹ̀ ní tuntun sì kọjá ààlà tí ìjọba fà, £40,000 ni wọ́n kọ́kọ́ fà á sí, ó ní àfikún ọkọ̀ olówó ńlá tó ń san, £425 lọ́dún nígbà náà, fún ọdún márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì ọkọ̀. Èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ àfikún náà. Oníjókòó méje púpọ̀ ló kọjá ààlà yẹn. Nítorí náà, àlòkù méjì lè dúró ti ara wọn ní ilé ìtajà, kí ọ̀kan jẹ́ ti oṣù Kẹta 2025, kí èkejì jẹ́ ti oṣù Kẹrin, kí àwọ̀ wọn dọ́gba, kí owó wọn má sì dọ́gba lójú ìjọba. Ìjọba sì ti kéde pé láti oṣù Kẹrin 2028, oníná yóò máa san pẹ́nsì mẹ́ta lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Máìlì 10,000 lọ́dún jẹ́ £300. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé èrò ní London, ẹ ṣírò ti Congestion Charge mọ́ ọn, owó tí ọkọ̀ ń san láti wọ àárín ìlú. Ìdáríjì tí oníná ń jẹ ti parí nígbà tí 2025 ń parí lọ, ẹ̀dínwó ló kù.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ̀ wò. Pé dáṣíbọ́ọ̀dù kọ 100 kò túmọ̀ sí pé bátìrì pé. Ó kàn túmọ̀ sí pé ohun tó kù lára agbára rẹ̀ ti kún. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ìlera bátìrì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fọwọ́ sọ̀yà fún bátìrì fún ọdún mẹ́jọ tàbí máìlì 100,000, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, pé kò ní wálẹ̀ ju 70 nínú 100 lọ. Ẹni tó fi ọkọ̀ ṣe tákísì kí ó tó tà á fún yín lè ti rin gbogbo máìlì yẹn tán. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yẹ ìtàn MOT rẹ̀ wò lórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó rí iye máìlì rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti mọ̀ bóyá wọ́n ti pè é padà fún àtúnṣe. Ní 2025, Mercedes pe àwọn EQB kan padà ní Amẹ́ríkà nítorí ewu pé bátìrì wọn lè gbiná. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú fo.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó pọ̀ jù. Nissan e-NV200 oníjókòó méje wà ní ọjà àlòkù, owó rẹ̀ sì máa ń fani mọ́ra gan-an. Àyè wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì èyí tó dára jù nínú wọn kò ju yúníìtì 40 lọ, ti àtijọ́ jẹ́ 24, ẹnu CHAdeMO ni wọ́n sì fi ń gba iná kíákíá, ẹnu tí àwọn tó ń gbé ibi ìgbaná tuntun kalẹ̀ ń fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dára fún agbègbè. Kò dára fún Leeds. Bí ẹ kò bá kọ ọkọ̀ tó dà bí ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ wo Citroën ë-Berlingo XL. Yúníìtì 50 ni bátìrì rẹ̀, kò lè jìnnà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ ń yọ́ lọ sẹ́yìn, òrùlé rẹ̀ ga, àgbà sì lè jókòó lẹ́yìn láìtẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ wò ó torí ìrísí.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ kó gbogbo ilé lọ. Kì í ṣe ọkọ àti ìyàwó nìkan. Ẹ gbé ìjókòó ọmọ dání, ẹ gbé kúlà òfìfo méjì dání, kí ẹni tó ga jù nínú ilé lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà lórí márosẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹni tó ń tajà lè máa wo aago. Ẹ jẹ́ kó máa wò ó.

Ẹ kọ́ nípa òfin náà ṣáájú. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọkọ̀ padà fún ilé ìtajà bí ó bá ní àbùkù tàbí tí kò bá bá ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ mu. Bí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìdé ilé ìtajà, ẹ ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láìwí ìdí kankan. Ẹni tó rà á ní ilé ìtajà kò ní irú ìyẹn. Àga tó há kì í sì í ṣe àbùkù lójú òfin. Bí ẹni tó ń tajà bá sọ pé àgbà yóò jókòó sẹ́yìn nírọ̀rùn, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín.

Àbúrò mi padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Leeds. Wọ́n gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún un ní tíì. Wọ́n ní ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan, òótọ́ sì ni. Ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ fún un pé àgbà méje yóò wọ̀ ọ́, kò ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ọdún mẹ́ta láti san. Ní báyìí, tí òde bá wà ní ìlú míì, ó máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin fún ọmọkùnrin rẹ̀ àti èmi, òun àti àwọn yòókù a wá bá wa ní ibùdókọ̀.